Oníṣègùn tí ó Dán Èrò Ara Rẹ̀ Wò

Bí o bá dúró ní etí ọ̀sà ní Àgbádárìgì ní kùtùkùtù òwúrọ̀, ìwọ ọ̀rẹ́ mi, tí o sì kọjú sí ìhà gúúsù, ìwọ yóò rí ilẹ̀ iyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní òdìkejì omi, tí àwọn igi àgbọn dúró lé lórí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òkun ńlá wà. Kò sí ọmọ ilé-ìwé tí kò tíì gbọ́ nípa ọ̀nà iyanrìn yẹn, èyí tí a mú àwọn ènìyàn wa gbà nínú ẹ̀wọ̀n lọ sínú ọkọ̀ tí kò dá wọn padà mọ́. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni àwọn tí ó ń rántí pé omi kan náà ni ó gbé àwọn mìíràn bọ̀ wá sílé. Ní nǹkan bí 1839 ni àwọn tí a ti tú sílẹ̀ ní Sàró bẹ̀rẹ̀ sí fi Àgbádárìgì ṣe èbúté wọn; ní ọ̀rúndún kan náà ni àwọn Àgùdà láti Bràsíìlì ń sọ̀kalẹ̀ ní Èkó àti ní àwọn èbúté mìíràn ní etí òkun yìí. Wọ́n mú iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà wá, a sì ń fi ilé tí wọ́n kọ́ han àlejò. Wọ́n mú ohun mìíràn wá pẹ̀lú tí ẹnikẹ́ni kì í fi han àlejò, nítorí pé ó wà nínú abọ́ gbogbo ilé: ọgbọ́n bí a ti í rin ẹ̀gẹ́, tí a sì í yan án di gàrí.

Ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ ti ṣáájú wọn dé Áfíríkà. Àwọn Potogí ni wọ́n kó o wá láti Bràsíìlì ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ṣùgbọ́n ohun ọ̀gbìn tí ó ní oró nínú ni, ẹni tí kò bá sì mọ bí a ti í lé oró náà jáde kò lè fi í bọ́ ọmọ. Àwọn ìyá wa ní etí ọ̀sà mọ èyí dáradára. Wọ́n mọ̀ pé ewúrẹ́ tí ó bá mu omi tí ń ro lára àpò ẹ̀gẹ́ rírin lè kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìdí rẹ̀ nìyí: èròjà kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tí ó pa sáyánáìdì mọ́ sínú, èròjà mìíràn sì wà nínú rẹ̀ tí ó lè tú u sílẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ibi tí Ọlọ́run fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí nínú iṣu ẹ̀gẹ́ náà. Nígbà tí a bá rin ẹ̀gẹ́, àwọn méjèèjì pàdé, sáyánáìdì sì tú jáde. A fi òkúta tẹ àpò, omi rẹ̀ ń jò lọ; a fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó kan; a kù ú, a yan án nínú agbada gbígbóná, ìyókù oró náà sì bá èéfín lọ. Bí a bá ṣe gbogbo rẹ̀ pé, ìwọ̀nba kíún ni ó ń kù. Bí a bá kánjú, ó ń kù ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ nítorí ọkùnrin kan tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ wádìí ohun kíún tí ń kù yẹn. Kì í ṣe ọmọ etí ọ̀sà. Ní Òkè-Mẹ̀sí, láàárín àwọn òkè Èkìtì, ni a bí Benjamin Olúwákáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun sí ní 1935. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Christ's School ní Adó-Èkìtì, ó kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti Ìbàdàn, lẹ́yìn náà ni ó kọ́ nípa àrùn ọpọlọ àti ti àwọn iṣan ìmọ̀lára. Ní ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀, àwọn oníṣègùn tí ó mọ irú iṣẹ́ yìí ní gbogbo ilẹ̀ wa kò pọ̀ tó ìka ọwọ́ kan. Ilé ìwòsàn ńlá tí a ń pè ní UCH, èyí tí a ṣí ní 1957, ni ó fi ṣe ibùdó rẹ̀.

Kí ó tó dé ẹnu iṣẹ́ ni ìròyìn àrùn kan ti ń jáde láti apá ìlà-oòrùn ọ̀sà. Omi tí ó wà níwájú rẹ ní Àgbádárìgì, bí o bá wọ ọkọ̀ ojú omi tí o sì tẹ̀ lé e lọ sí ìlà-oòrùn, yóò gbé ọ kọjá Èkó dé Ẹ̀pẹ́. Láti Ẹ̀pẹ́ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kò sì jìnnà. Ní 1958, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Money kọ̀wé nípa àwọn ènìyàn kan ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ tí iṣan wọn ń kú. Kì í ṣe ọmọdé ni àrùn náà ń mú jù, bí kò ṣe àwọn tí ó ti lé ní ogójì ọdún. Yóò bẹ̀rẹ̀ bí iná ní àtẹ́lẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ yóò kú tipiri, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni náà kì í mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà àfi bí ó bá fi ojú wò ó. Nítorí náà bí ilẹ̀ bá ṣú, tàbí bí ó bá di ojú láti bọ́jú, yóò ta gọ́ọ́gọ́ọ́ yóò sì ṣubú. Ojú rẹ̀ yóò máa ṣe bàìbàì. Àwọn mìíràn a di adití. Ìwọ rò ó wò ná: àgbẹ̀ tí kò lè rí ebè rẹ̀, ìyá tí kò lè gbọ́ ìpè ọmọ rẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń fi ọ̀pá rìn bí ẹni tí ó mutí, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò tọ́ ọtí wò.

Ọ̀ṣúntókun kò jókòó sí Ìbàdàn kí ó máa retí àwọn aláìsàn. Ó lọ sí Òsòsà ní ẹ̀bá Ìjẹ̀bú-Òde. (Ìlú yìí kan náà ni a bí Hubert Ògúndé sí, ẹni tí eré rẹ̀ mú gbogbo Yorùbá rẹ́rìn-ín tí ó sì mú wọn sunkún.) Níbẹ̀ ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń yẹ ará ìlú wò. Wọ́n ń bèèrè ohun tí olúkúlùkù ń jẹ, wọ́n sì ń gba ẹ̀jẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí wọ́n rí ni pé ẹ̀gẹ́ ni púpọ̀ nínú àwọn aláìsàn náà ń jẹ ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́, ẹran tàbí ẹja tí ń bá a rìn sì kéré jọjọ.

Níhìn-ín ni ó yẹ kí o fiyè sí i, nítorí pé ibi yìí ni ọgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wà. Ara ènìyàn kì í jókòó lásán níwájú sáyánáìdì. Bí díẹ̀ nínú rẹ̀ bá wọlé, ara a mú ìmí-ọjọ́ láti inú èròjà ẹran, ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà tí a ti jẹ, a fi í sọ sáyánáìdì náà di ohun mìíràn tí oró rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ mọ́, tí í ń jẹ́ táyósáyánéètì, a sì tọ̀ ọ́ jáde. Nítorí náà, ẹni tí ń jẹ ẹ̀gẹ́ tí ó sì ń jẹ ẹja dà bí ẹni tí olè ń bọ̀ wá bá ṣùgbọ́n tí ó ní ọdẹ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí ń jẹ ẹ̀gẹ́ nìkan ni kò ní ọdẹ. Nígbà tí Ọ̀ṣúntókun yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn wò, ó bá táyósáyánéètì tí ó pọ̀, ó sì bá àwọn èròjà tí ó ní ìmí-ọjọ́ tí ó lọ sílẹ̀. Nígbà tí a gba àwọn kan sí ilé ìwòsàn tí a sì ń fún wọn ní oúnjẹ mìíràn, táyósáyánéètì náà dínkù. Nígbà tí wọ́n padà sílé sí ìdí ẹ̀gẹ́, ó tún gòkè. Ní 1968 ni ó tẹ iṣẹ́ náà jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tí ń jẹ́ Brain, èyí tí a ń tẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn amòye ọpọlọ ní gbogbo ayé sì ń kà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni.

Ǹjẹ́ kí ni ìwọ ìbá ṣe bí ó bá jẹ́ ìwọ ni? Gbogbo nǹkan ti tò lẹ́sẹẹsẹ. Oró wà nínú oúnjẹ, àmì oró wà nínú ẹ̀jẹ̀, àrùn wà ní ẹsẹ̀ àti ojú. Ẹlòmíràn ìbá ká apá kò, kí ó sì máa gba oríyìn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó tò lẹ́sẹẹsẹ lè ṣàì jẹ́ òtítọ́. Gbogbo ènìyàn tí ń fi ọ̀pá rìn ní Ìbàdàn ni ó ń mu omi, omi kọ́ ni ó sì mú ẹsẹ̀ wọn rọ. Bí sáyánáìdì bá ni ó ń pa iṣan àwọn ará Òsòsà, ó yẹ kí oògùn tí ń mú sáyánáìdì so lára ran àwọn aláìsàn lọ́wọ́. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ wà: ẹ̀yà fítámìnì B12 kan ni, tí a ń pè ní hydroxocobalamin, èyí tí í lẹ̀ mọ́ sáyánáìdì nínú ẹ̀jẹ̀ tí í sì bá a jáde. Bí ó bá ràn wọ́n lọ́wọ́, èrò Ọ̀ṣúntókun yóò lágbára sí i. Bí kò bá ràn wọ́n lọ́wọ́ ńkọ́?

Ó dán an wò. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, nínú wọn ni Langman àti Wilson láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe irú ìdánwò oògùn tí kò fi àyè sílẹ̀ fún ojúsàájú. Mo fẹ́ kí o mọ bí irú rẹ̀ ti rí. A kì í fún gbogbo aláìsàn ní oògùn kan náà kí a wá máa bi wọ́n léèrè bóyá ara wọn yá. Nítorí pé ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé oníṣègùn rẹ̀ yóò sọ pé ara òun yá kí ó má bàa já a kulẹ̀, oníṣègùn náà yóò sì rí ìmúláradá níbi tí kò sí, nítorí pé ó ń wá a. Ńṣe ni a ń pín wọn sí ọ̀wọ́, tí àwọn kan ń gba oògùn tí a fẹ́ dánwò, tí àwọn yòókù ń gba òmíràn, a ó sì fi ìwọ̀n kan náà wọn gbogbo wọn. Ní ti ìdánwò yìí, àwọn kan gba hydroxocobalamin, àwọn mìíràn gba fítámìnì tí ń jẹ́ riboflavine. Nígbà tí a ka èsì jọ, hydroxocobalamin kò ṣe àǹfààní kankan tí a lè tọ́ka sí.

Ní 1970 ni wọ́n tẹ èsì yìí jáde. Wọn kò fi pamọ́. Wọ́n tún dán oògùn mìíràn wò ní ọ̀nà kan náà, wọ́n sì tẹ èyí náà jáde ní 1974. Kò gbé àrùn náà kúrò.

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dé ọjà, ó kù tà. Owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Èmi ti jókòó ní kíláàsì rí níbi tí a ti ń ṣe ìdánwò kẹ́místìrì, tí nọ́ńbà tí mo rí kò bá ti inú ìwé mu. Mo yọ́ wo ti ẹnìkejì mi, mo sì kọ tirẹ̀ sílẹ̀. Olùkọ́ fún mi ní máàkì tí ó dára. Títí di òní ni ojú máa ń tì mí bí mo bá rántí rẹ̀, nítorí pé ẹnìkejì mi náà ti jí tirẹ̀ wò láti inú ìwé, nọ́ńbà tèmi nìkan sì ni ó jẹ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́ lórí tábìlì yẹn. Ohun tí kò tó nǹkan ni ti kíláàsì. Ṣùgbọ́n fi í wé ti ọkùnrin kan tí òkìkí rẹ̀ dúró lórí èrò kan, tí ọwọ́ ara rẹ̀ sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún gbogbo ayé pé oògùn tí ó bá èrò òun mu kò wo àrùn náà. Àwọn kan lè sọ pé iṣan tí ó ti kú tán kò lè jí mọ́, nítorí náà àìríwòsàn kò fi hàn pé sáyánáìdì jẹ́ aláìlẹ́bi. Bẹ́ẹ̀ ni, ìdáhùn tí ó tọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé èsì kalẹ̀ ni ó jẹ́ kí a lè máa bá a jiyàn.

Kò dúró lórí ẹ̀gẹ́ nìkan. Òun àti Látúndé Odẹ́kú, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, wà lára àwọn tí ó kọ̀wé ní 1968 nípa àìsàn àbímọ́ni kan tí kì í jẹ́ kí ènìyàn mọ ìrora, tí kì í sì í jẹ́ kí ó lè dá ìró mọ̀. Ní Ìgbó-Ọrà, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ láti ilé dé ilé, wọ́n sì yẹ ènìyàn bí 19,000 wò láti mọ àrùn ọpọlọ àti ti iṣan tí ó wà láàárín wọn. Wọ́n rí i pé nínú 1,000 ènìyàn, ó lé díẹ̀ ní márùn-ún tí ó ní wárápá. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n, ó sì jẹ́ olórí àwọn oníṣègùn ní UCH. Nǹkan wọ̀nyí pọ̀, n kò sì fẹ́ kà wọ́n lọ bí ẹni ń ka owó ẹyọ.

Iṣẹ́ ìkẹyìn rẹ̀ ni èyí tí mo fẹ́ kí a yà sí díẹ̀. O ti rí àgbàlagbà tí ń ṣarán, tí ń pe ọmọ rẹ̀ ní orúkọ àbúrò rẹ̀ tí ó ti kú, tí ń bèèrè oúnjẹ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ tán. Àwọn Òyìnbó mọ̀ pé àrùn kan ni ó sábà máa ń fa èyí, wọ́n sì ń pè é ní Alzheimer. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Áfíríkà kà á sí ara ọjọ́ ogbó lásán. Láti nǹkan bí 1992, Ọ̀ṣúntókun àti Adéṣọlá Ògúnníyì ní Ìbàdàn, pẹ̀lú Hugh Hendrie ti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí fi àwọn àgbàlagbà Ìdíkàn ní Ìbàdàn wé àwọn àgbàlagbà dúdú ní ìlú Indianapolis. Irú ẹni kan náà ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba ńlá àwọn ti Amẹ́ríkà ni ó ti etí òkun wa yìí lọ, gba irú ọ̀nà iyanrìn tí mo fi hàn ọ́ ní Àgbádárìgì. Ọ̀tọ̀ ni oúnjẹ wọn, ọ̀tọ̀ ni ìgbé ayé wọn. Èsì àkọ́kọ́ jáde ní 1995: nínú 1,000 àgbàlagbà tí ó ti tó ọdún 65, nǹkan bí 23 ni ó ń ṣarán ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n bí a bá ka àwọn tí ó wà ní ilé ìtọ́jú arúgbó mọ́ ọn, nǹkan bí 82 ni ní Indianapolis. Kí ẹnikẹ́ni má bàa wí pé àwọn tí ń ṣarán ní Ìbàdàn ń tètè kú ni, wọ́n tún ń ka àwọn tí àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dọọdún. Ní 2001 ni èyí jáde: ti Alzheimer jẹ́ ìdá 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún kan ní Ìbàdàn, ó sì jẹ́ ìdá 2.52 ní Indianapolis.

Ọ̀ṣúntókun kò rí èsì kejì yẹn. Ó kú ní 1995. Ní ọdún yẹn kan náà ni ìwé rẹ̀ jáde lórí ohun àjogúnbá kan tí ń jẹ́ APOE, èyí tí àwọn amòye Amẹ́ríkà ti sọ pé ẹ̀yà kan nínú rẹ̀ ń fa ènìyàn sínú Alzheimer. Nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbàlagbà Nàìjíríà tí ó yẹ̀ wò, kò rí àjọṣe bẹ́ẹ̀, ó sì sọ ohun tí ó rí. Ní 2014, nígbà tí àwọn tí ó jogún iṣẹ́ náà ti ka ènìyàn púpọ̀ sí i, wọ́n rí i pé àjọṣe náà wà láàárín Yorùbá, ṣùgbọ́n fún àwọn tí ó gba ẹ̀yà náà láti ọ̀dọ̀ bàbá àti láti ọ̀dọ̀ ìyá nìkan. Wọ́n ṣe àtúnṣe sí ọ̀rọ̀ ọ̀gá wọn, wọn kò sì rò pé àwọn tàbùkù sí i.

Òsòsà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ti rò pé àrùn náà yóò ti parẹ́ bí owó ti ń wọlé tí oúnjẹ mìíràn sì ń dé ọjà. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún ń lọ sópin, oníṣègùn O. S. A. Olúwọlé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà sí ìlú náà. Wọ́n yẹ 3,428 ènìyàn wò, wọ́n sì rí 206 tí ó ní i; àwọn obìnrin ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ní 2000 ni wọ́n tẹ èyí jáde. Ìwọ yóò rò pé wọ́n dá ẹ̀gẹ́ lẹ́bi lójú ẹsẹ̀. Rárá o. Wọ́n wá ìlú mìíràn tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń jẹ ẹ̀gẹ́ tí sáyánáìdì wà nínú rẹ̀ púpọ̀, wọ́n sì yẹ àwọn ará ibẹ̀ wò pẹ̀lú. Hans Rosling, ará Swídìn, wà pẹ̀lú wọn nínú iṣẹ́ náà. Bí sáyánáìdì nìkan bá ni ó ń fa àrùn yìí, àwọn aláìsàn ìbá kún ìlú kejì yẹn. Ní 2002 ni èsì rẹ̀ jáde: sáyánáìdì pọ̀ níbẹ̀, àwọn aláìsàn kò sì tó nǹkan.

Nítorí náà, má ṣe da gàrí inú abọ́ rẹ nù nítorí ohun tí o kà níhìn-ín; jẹ́ kí a yan án dáradára, kí o sì wá ẹja tàbí ẹ̀wà sí i. Ní ti ohun tí ń pa iṣan àwọn ìyá àgbà ní Òsòsà, ìdáhùn tí Ọ̀ṣúntókun rò pé òun ti rí ní 1968 ti di ìbéèrè padà, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ni ó sì kọ́kọ́ ṣí i.